Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Lójúmọ́: Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Sẹ́nu Ọmọ ní Oǹdó àti Àkúrẹ́

Màmá Ọlọ́rọ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé sọ mí ní Àkúrẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé owó ni mo kó pamọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wá tún ẹ̀rọ omi ilé wa ṣe, ó sì gbọ́ tí ọmọ kan ń kí mi láti ojú títì pé, "Ẹ káàsán o, Màmá Ọlọ́rọ̀!" Ojú ẹsẹ̀ ló fi kún owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ọrọ̀ báńkì."

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Nínú iṣẹ́ náà, apá kan wà tó gbà mí lọ́kàn ju ìyókù lọ: bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tuntun sí ọmọ lẹ́nu tí kò fi ní jábọ́. Ní báyìí tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń wá jókòó tì mí ní fàráńdà. Wọ́n ti yege ìdánwò, wọn ò mọ iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́. Wọ́n á bi mí pé, "Mà, tí ẹ bá tún ayé wá, ṣé ẹ tún máa ṣe tíṣà?" Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ tán ní fàráńdà lọ. Òun ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìlú Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Káfíńtà ni bàbá mi, ìyá mi ń ṣe ògì tà. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ní ìtàn kankan nínú: mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n ń wá olùkọ́, wọ́n gbà mí. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́, nígbà mìíràn ó máa ń tètè dé. A jẹun, àwọn ọmọ mi kàwé, n kò tọrọ. Ibi tí ìtàn wà ni ọwọ́ ẹni tí mo bọ́ sí.

Màmá Akínfọlárìn ni ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ ní Oǹdó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n tó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, àfi bíi pé ewúrẹ́ tó ń jẹko lẹ́bàá kíláàsì pàápàá máa ń dákẹ́. Kì í na ọmọ, kì í sì í bú olùkọ́. Ohun tó máa ń ṣe le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ, á káwọ́ lẹ́rán, á máa wò ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sára pátákó, mo kọ ìtumọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo ń kà, àwọn ọmọ ń gbè. Ariwo wọn ń ta dé ojú títì, orí mi sì ń wú. Màmá dìde láti ẹ̀yìn, ó mú dọ́sítà, ó nu gbogbo pátákó náà mọ́ tónítóní.

Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní, "Kí ni ìwọ̀nba?"

Wọ́n fi ohùn kan dáhùn pé, "Ìwọ̀nba ni ohun tí kò pọ̀ jù, tí kò sì kéré jù!"

"Ó dára. Ta ló lè fi í sọ̀rọ̀ fún mi?"

Kò sí ọwọ́ tó yọ. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn kan ń wò mí.

Màmá rán ọmọbìnrin kan lọ bu omi wá. Ó na ife sí i, ó ní kí ó bu omi fún òun mu. Ọmọ náà dà á títí ó fi ṣàn sílẹ̀. "Háà, èyí pọ̀ jù." Màmá dà á nù, ó ní kí ó tún un bù. Ẹ̀rù ti ba ọmọ náà, ó kán omi tín-ín-rín sínú ife. "Èyí ò tó ẹyẹ mu." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, omi náà dé ìdajì ife. Màmá gbà á, ó mu ún tán, ó ní, "Ìwọ̀nba omi lo fún mi yìí. O ṣeun."

Ni ọwọ́ bá ń yọ lókè. Ọ̀kan ní, "Ìwọ̀nba iyọ̀ ni ìyá mi ń fi sọ́bẹ̀." Òmíràn ní, "Ìwọ̀nba iṣẹ́ ilé ni kí ẹ máa fún wa, mà." Màmá alára rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, ó pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lo kọ́ wọn, wọn ò ní mú ìkankan délé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lójúmọ́ ti tó. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ò bá tíì fi ẹnu ara rẹ̀ lò kò tíì di tirẹ̀. Ó kàn yá a ni."

N kò tíì mọ̀ pé ìyẹn ló tún rọrùn jù. Lọ́jọ́ kan, mo ya kọ̀ǹkọ̀sọ̀ sára pátákó. Ọmọ kan ní asẹ́ ni mo yà. Mo wo àwòrán mi, èmi náà ò lè bá a jiyàn. Láti ẹ̀yìn ni Màmá ti sọ̀rọ̀: "Tíṣà, ẹ lọ mú asẹ́ àti kọ̀ǹkọ̀sọ̀ wá. A ó dúró dè yín." Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé bàbá mi, mo bá ìyá mi nídìí ògì. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti lé ọ níṣẹ́ ni?" Mo ní rárá, asẹ́ ni mo wá yá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo gbé asẹ́ tó ń kán omi ògì tọ́tọ́ àti kọ̀ǹkọ̀sọ̀ rẹ̀ la ìlú kọjá padà. Àwọn ọmọ fọwọ́ kan méjèèjì. Wọ́n rí i pé aṣọ ni a ta sójú asẹ́, òun la fi ń sẹ́ ògì; ojú kọ̀ǹkọ̀sọ̀ là díẹ̀, òun la fi ń jọ èlùbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún pe ọ̀kan ní èkejì nínú wọn.

Àmì ohùn ńkọ́? Ọ̀run ò jìnnà sí ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i lọ́dọ̀ Màmá. Á ní, "Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lásán báyìí. Ṣé ọkọ ìyá rẹ̀ ni kí ọmọ pè é ni, àbí ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń roko, àbí ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́?" Nírọ̀lẹ́, á dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣe gbólóhùn kí ó tó kọjá. Èmi ni mo máa ń kẹ́yìn, èmi náà á sì ṣe tèmi. Àgbà tó ti lọ́kọ, tó ti lóyún, mo dúró níwájú obìnrin yìí bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣe gbólóhùn kí n tó lè relé!

Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ń fá pákó lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò mí. Ó ní, "Ṣé ó purọ́ mọ́ ọ?" Mo ní rárá. "Ṣé ó fi iṣẹ́ pa mọ́ fún ọ?" Mo ní rárá o. Ó ní, "Kí lo wá ń sá fún? Ẹni tó fi gbogbo iṣẹ́ han èèyàn, bó bá tilẹ̀ le bí ojú ẹja, ọ̀rẹ́ ni." Mo padà lọ. Lónìí, bí mo bá kúnlẹ̀ gbàdúrà ọpẹ́, orúkọ Màmá Akínfọlárìn wà lára àwọn tí mo máa ń kọ́kọ́ dá.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni ọkọ mi. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e padà sílé, èmi náà tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé mi lọ sí iléèwé girama kan níbẹ̀. Àwọn ọmọ onílùú máa ń pe ilé ní ulé, wọ́n á pe iṣu ní uṣu. Àwọn tí òbí wọn wá ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mà, ìwé mi wà ní ulé." Ẹ̀rín sọ. Ọmọ náà jókòó, kò sì tún sọ̀rọ̀ ní kíláàsì fún ọjọ́ mélòó kan.

Ó dùn mí, torí wọ́n ti fi ohùn Oǹdó tèmi náà rẹ́rìn-ín rí. Nígbà tó yá, mo kọ ulé sára pátákó, mo kọ ilé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wò ó. Ọmọ tó ní ulé, tó tún ní ilé, ilé méjì ló ní. Ta ni í fi onílé méjì ṣe yẹ̀yẹ́?" Inú ọmọ náà dùn débi pé ó dìde dúró láìjẹ́ pé mo pè é. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ inú ìwé, mo máa ń bi wọ́n pé, "Kí ni wọ́n ń pè é nílé yín?" Wọ́n á mú ti Àkúrẹ́ wá, ti Ìkàrẹ́, ti Òkìtìpupa. Ọ̀rọ̀ ìwé á wá rí ẹni mọ́ra, kò ní dá wà lórí pátákó bí àlejò.

Mo tún ṣàwárí pé ọ̀rọ̀ máa ń ní ẹbí. Bí ọmọ bá ti mọ kọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ hàn án, ẹ fi olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ìkọ́ni tẹ̀ lé e; owó ọ̀kan ló fi ra márùn-ún. Ọmọ kan bi mí pé, "Mà, ṣé àkọ́kọ́ náà wà nínú ẹbí yẹn?" Mo ní, "Rárá, ìyẹn kàn jọ wọ́n lójú ni." Wọ́n fi ìyẹn ṣe àpárá títí wọ́n fi jáde iléèwé.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí, àwọn ọmọ náà ń yí. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tí wọ́n ń wọ kíláàsì mi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé ju Yorùbá lọ. Mo lè mú asẹ́ wá sí kíláàsì, n kò lè mú oko wá. Bí mo bá sọ pé ebè, wọ́n á wò mí. Bí mo bá sọ pé àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì máa wo ojú mi bóyá mo ṣe àwàdà ni. Ni mo bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, a lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí. Ohun tí mo bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wọn lórí pátákó tẹ́lẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n kí a tó mu omi tán níbẹ̀.

Ọ̀nà yìí náà ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀.

Àgbẹ̀ kan wà ní Ìpògún, Bàbá Fálànà, tó jẹ́ ìbátan ọkọ mi. Ó gbà kí n kó kíláàsì kan wá sí oko òun láàárọ̀ ọjọ́ kan. A háyà bọ́ọ̀sì, olùkọ́ kan bá mi lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmítáyọ̀ máa ń ṣàìsàn nínú ọkọ̀. Bí a ṣe dé, ó ń bì. Mo ní kí olùkọ́ kejì jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Bàbá Fálànà mọ̀ ọ́n kọ́ ju ọ̀pọ̀ tíṣà lọ. Ó fi ebè hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láàárín poro. Ó fi igi tí iṣu ń gùn hàn wọ́n. Ó mú wọn dé ilé kékeré kan tó fi ewé bò lórí, tó fi amọ̀ rẹ́ lára, tí iná ń jó níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ahéré nìyí. Bí òjò bá dé, ibẹ̀ ni mo ń sá sí. Bó bá rẹ̀ mí, ibẹ̀ ni mo ń sùn." Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n jáde, wọ́n ń pè é: ahéré, ahéré. Ìgbà tí a kúrò níbẹ̀ bọ́ sáàárín oko ni Tèmítáyọ̀ àti olùkọ́ kejì tó wá bá wa.

Ní oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan ń gé igi. A gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe wó. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ ìró mìíràn, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ọlọ bá ń ṣiṣẹ́ lókèèrè. Oyin ló wà nínú ihò igi náà. Kí n tó mọ ohun tó ń bọ̀, Bàbá Fálànà ti kígbe: "Oyin! Oyin! Ẹ sá wọ ahéré!"

Gbogbo àwọn ọmọ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sáré láìbi ẹnikẹ́ni léèrè, wọ́n sì já wọnú ilé kékeré náà. Tèmítáyọ̀ nìkan ló dúró. Mo ti sáré ju ibẹ̀ lọ kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ó dúró láàárín poro, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ó ń kígbe pé, "Níbo? Níbo ni?" Oyin sì ti bò ó lórí.

Mo padà. N kò lè sọ fún yín pé mo ronú. Mo tú ìró mi, mo fi bo ọmọ náà láti orí dé orúnkún, mo gbá a mọ́ra, mo ń wọ́ ọ lọ. Wọ́n ń ta mí lọ́rùn, wọ́n ń ta mí létí. Bàbá Fálànà ti da ewé tútù sínú iná, èéfín ti bo ẹnu ọ̀nà ahéré, inú èéfín yẹn la gbà wọlé. Àwọn ọmọ fún ara wọn pọ̀ sí ògiri, wọ́n ń sunkún. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé.

Ojú Tèmítáyọ̀ ti wú débi pé n kò lè dá a mọ̀. Nígbà tí oyin fò lọ, a gbé e sínú bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà sì forí lé ọsibítù ní Àkúrẹ́. Èémí rẹ̀ ń dún fee bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ kọjá. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, mo ń pe Jésù. Ó di ọwọ́ mi mú. Ètè rẹ̀ ti nípọn, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mà, kí ni ahéré?"

Mo ní, "Ilé kékeré inú oko ni, ọmọ mi. Ibẹ̀ la ti jáde yìí." Lẹ́yìn náà ni mo tó sunkún.

Àwọn dókítà fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ìyá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ ní Alágbàká, ó ń sáré bọ̀ láìwọ bàtà kan. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi. Ó ní, "Kí lẹ mú ọmọ mi lọ ṣe nínú igbó? Ìwé ni mo ní kó wá kà!" Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀rì àti ìró tó ti ya, ọrùn mi wú bí ọrùn àkọ màlúù.

Ọlọ́run ṣàánú, ara ọmọ náà yá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé etí ìjọba. Wọ́n pè mí sí Alágbàká láti wá sọ tẹnu mi. Ọ̀gá iléèwé ti sọ fún mi pé kí n múra sílẹ̀: wọ́n lè ní kí n má kó ọmọ jáde mọ́, wọ́n sì lè ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi fi tákísì sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní, "Sọ bó ṣe rí. Ìwọ ò pa ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gá tó jókòó níwájú mi fara balẹ̀, kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, "Ìyáàfin, ṣé àwòrán ahéré ò sí nínú ìwé ni?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà. Kíláàsì tó ṣáájú wọn kọ́ ọ nínú ìwé. Mo bi wọ́n lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọn ò dúró ronú kí wọ́n tó sá sí i."

Wọ́n wá ní kí ìyá Tèmítáyọ̀, tí wọ́n pè wá náà, sọ̀rọ̀. Mo tẹ orí mi ba. Ó dìde, ó ní, "Inú mi ò dùn. Kò sí nọ́ọ̀sì tó bá wọn lọ, kò sí oògùn lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì bi wá bóyá ọmọ wa ní àìsàn kan. Ìyẹn ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ èyí tó kù." Ó yíjú sí ọ̀gá náà. "Ọmọ mi bi mí ní ọsibítù pé, 'Màámi, ṣé ẹ̀yin mọ ahéré?' Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n bí mi sí. N kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ò sá torí pé kò mọ ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún un, n kò sì lè dá tíṣà lẹ́bi torí pé ó ń gbìyànjú kí ó lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní kí obìnrin yìí má kó wọn jáde mọ́, wọ́n á kọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí bébà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tún kígbe rẹ̀ sí wọn, wọ́n á tún dúró."

Wọ́n kìlọ̀ fún mi, wọ́n sì là á kalẹ̀: kí òbí fọwọ́ sí i, kí nọ́ọ̀sì bá wa lọ, kí àpótí oògùn wà nínú ọkọ̀. Wọ́n jẹ́ kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ. Ní ẹnu géètì, ìyá náà fọwọ́ kan ọrùn mi níbi tí oyin ti ta mí. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí. Ẹ ṣé tí ẹ padà fún un." N kò rí ẹni tó ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀ rí, oore náà sì ni mo jẹ títí mo fi parí iṣẹ́. Tèmítáyọ̀ ti di ìyàwó ilé ní Oǹdó báyìí. Ó máa ń pè mí ní ọdún Kérésì. Kò jẹ oyin títí di òní.

Láti ìgbà yẹn, kí a tó jáde lọ síbikíbi, ọ̀rọ̀ tó lè gbani là ni mo ń kọ́kọ́ kọ́ wọn: dúró, sá, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, dì í mú, fi í sílẹ̀. A ó ṣe wọ́n lójú pápá. Èmi á pariwo, wọ́n á ṣe é, ẹni tó bá pẹ́ dé ni yóò pariwo tẹ̀ lé e.

Irinṣẹ́ ń yí lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó dúdú ni mo bá níbẹ̀, mo sì fi eruku rẹ̀ wúkọ́ fún ọdún púpọ̀. Àwòrán ńlá alágbèékọ́ dé, kásẹ́ẹ̀tì dé, pátákó funfun dé. Nígbà tí fóònù wọ ọwọ́ àwọn ọmọ, ọkàn mi bàjẹ́, mo rò pé òun ni yóò pa èdè náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀délé, ló wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi nígbà náà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, mo káwọ́ lẹ́rán, mo ń wò ó. Ó yọ fóònù, ó ní kí àwọn ọmọ gbọ́. Ohùn ìyá àgbà kan ló jáde nínú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe irú: bó ṣe ń se é, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń bò ó. Ìyá àgbà Ayọ̀délé fúnra rẹ̀ ni. Ó dá ohùn náà dúró, ó ní, "Kí lẹ rò pé wọ́n máa sọ tẹ̀ lé e?" Kíláàsì gbóná. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ méje ti gba ohùn ìyá wọn àgbà sínú fóònù. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò tíì bá ìyá àgbà òun sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo pe Ayọ̀délé sí ẹ̀gbẹ́. Ó rò pé mo fẹ́ bá òun wí. Mo ní, "Ẹ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ó kọ́ mi, n kò tètè mọ̀ ọ́n, ó sì ní sùúrù fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí: bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa dìde fún yín ní báńkì, ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ẹ ó tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ títí ẹnu yín yóò fi gbẹ. Ẹ ó rí ọmọ tí kò ní gbọ́ lónìí, tí kò ní gbọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà á la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́ ọ á bọ́ síbi tó yẹ gẹ́lẹ́, òun alára ò sì ní mọ̀ pé òun ṣe nǹkan bàbàrà. Mo rí ìyẹn léraléra. Ẹ̀san mi nìyẹn, ó sì tó mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí mo kọ́ni kẹ́yìn. Mo ti mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé, ọmọ kan nawọ́. Ó ní, "Mà, kí ni wọ́n máa ń pe ẹni tó bá ti parí iṣẹ́ ìjọba?" Mo kọ ọ́ sára pátákó: òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Wọ́n ní ó gùn ju orúkọ ọ̀gá iléèwé lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká já a sí wẹ́wẹ́: ó ṣiṣẹ́, ó fẹ̀yìn tì.

Mo rìn lọ sẹ́bàá ògiri, mo gbé ẹ̀yìn mi lé e. Mo ní, "Kí ni mo ń ṣe?"

"Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, mà!"

"Kí ló dé tí èèyàn fi ń fẹ̀yìn ti nǹkan?"

Ọ̀kan ní torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Òmíràn ní torí pé ó mọ̀ pé nǹkan náà lágbára, kò ní wó. Mo ní ó dáa, kí wọ́n fi í ṣe gbólóhùn.

"Bàbá mi fẹ̀yìn ti ọkọ̀."

"Ewúrẹ́ fẹ̀yìn ti géètì, a ò lè wọlé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í sábà nawọ́. Ó nawọ́. Mo pè é. Ó dìde, ó ní, "Màmá Ọlọ́rọ̀ fẹ̀yìn tì wá."

Mo wò wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo yẹ gbólóhùn náà wò bí iṣẹ́ mi ṣe rí: mo wo ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo wo ohùn rẹ̀, mo wo ìtumọ̀ rẹ̀. N kò rí ohun tí mo lè tún ṣe níbẹ̀.

Mo ní, "O gbà á, ọmọ mi. Jókòó."